Ohun Tí Bọ́tìnì Kẹsàn-án Kọ

Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Àbúrò mi wá kí wa lẹ́yìn òjò ọ̀sán. Bàtà rẹ̀ tutù rinrin, ó sì gbé e sórí páálí lẹ́nu ọ̀nà kó má baà ba ilẹ̀ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́. Ó mu omi tán kó tó mú lẹ́tà jáde nínú báàgì. Láti oṣù kọkànlá lọ, wọ́n á máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀yáwó tó fi kàwé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀yáwó náà. Ẹ bá mi wò ó. Mi ò sá fún wọn rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe náà ni mo ń ṣe."

Òótọ́ ni. 400,000 ló yá. Lẹ́tà yìí ní ó ti di 652,000. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo tẹ̀lé e lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó náà. Èmi náà ni mo fi í sí ìsinmi lẹ́ẹ̀marùn-ún, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá wà nínú ìsinmi kì í san nǹkan kan, ṣùgbọ́n èlé kì í sinmi. Ìsinmi kẹfà ò sí fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìkarùn-ún parí, wọ́n ní kó máa san 31,000 lóṣù, bẹ́ẹ̀ 78,000 ni gbogbo owó oṣù rẹ̀.

Mo ní màá wò ó. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ajé, ọjọ́ kejì

Ìpè mọ́kànléláàádọ́ta. Owó ọkọ̀ ti lọ sókè. Mi ò tíì ṣí fáìlì àbúrò mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá Aago kó wa jọ sẹ́yìn yàrá ìpè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ó sì máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ kódà tó bá ń bú mi. Aago tó gbé kọ́ sórí ògiri la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìpè tó bá kọjá ìṣẹ́jú méje, orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á di pupa lórí pátákó, gbogbo yàrá á sì rí i.

Òfin tuntun ti jáde. Ẹnikẹ́ni tí òṣìṣẹ́ bá fi sí ìsinmi láìsọ fún un pé fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé wà, èyí tó ń dín owó oṣooṣù kù fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ó lè kọ̀wé kí wọ́n yọ gbogbo èlé ìgbà ìsinmi náà, kó sì wá máa san bí owó tó ń wọlé fún un bá ṣe mọ. Títí kan àwọn tí wọ́n ti kọ lẹ́tà ìyọwó sí, bíi ti àbúrò mi. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn ò ní gba ìwé kankan mọ́ lẹ́yìn náà.

"Ẹ̀rù ò bà mí o," ni Ọ̀gá Aago wí. "Àkọsílẹ̀ tiwa mọ́ tónítóní. Kò sí fáìlì tí gbólóhùn yẹn ò sí. Ẹ ṣáà má fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá bá yín."

Gbólóhùn yẹn ni: *Mo ti ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà ìsanwó fún olùyáwó, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ìsinmi.* A kì í kọ ọ́. Bọ́tìnì kẹsàn-án lórí kọ̀ǹpútà wa ló ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìsinmi ń gbà. Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé ń gba ọgbọ̀n, nítorí o ní láti béèrè owó oṣù, owó ilé, iye ọmọ, ìwé báńkì. Fọ́tò mi wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà nígbà mọ́kànlá, òṣìṣẹ́ tó yára jù lọ nínú oṣù. Mo rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì pè. Kọ̀ǹpútà ní èmi náà ni mo dá a lóhùn nígbà mẹ́rin tó ti pè sẹ́yìn. Kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, ó ti dá ohùn mi mọ̀.

"Áà, ẹ̀yin ni! Inú mi dùn. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ èèyàn. Àwọn yòókù á kàn máa jágbe mọ́ mi."

Mo bi í pé èló ló ń wọlé fún un. Ó yà á lẹ́nu, nítorí mi ò béèrè rí. Ó ní àpò ìyẹ̀fun kan ti di 61,000, àwọn oníbàárà sì ń retí kí búrẹ́dì tóbi bíi ti àtijọ́. A jọ kọ fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iye tó máa san lóṣù já wálẹ̀ láti 29,000 sí 3,500. Ó ní kí n tún un kà.

"Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?" ló wá sọ.

Orúkọ mi di pupa, ó sì pupa pẹ́. Mo bá a kọ̀wé pé kí wọ́n yọ èlé àtẹ̀yìnwá. Wọ́n ti dá ìwé náà padà kí n tó jẹun ọ̀sán: *àkọsílẹ̀ fi hàn pé òṣìṣẹ́ ti ṣàlàyé fún un.* Òṣìṣẹ́ wo? Èmi náà ni. Mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó sì ti ṣàdúrà fún mi kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní bàjẹ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Yàrá kan ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òórùn girísì sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ràn ló ń kọ́, mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọdún méjì ni ilé ìwé náà fi wá olùkọ́ tó gbọ́ èdè ọwọ́ kí wọ́n tó rí i.

Ó ń dín ẹyin, ó sì ń sọ̀tàn. Ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ̀, tó jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò fọwọ́ sọ ju "omi" àti "ilé" lọ, ṣe àwàdà rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fọwọ́ sọ pé ikùn ọ̀gá ilé ìwé máa ń kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ọ̀gá á wá tẹ̀lé e. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín débi tó jókòó sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní òun ti kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí. 120,000 ni wọ́n ń san.

"Tí wọ́n bá yọ tiwọn tán nínú owó olùkọ́ mi, 52,000 ló máa kù sí mi lọ́wọ́, 30,000 ni owó ilé. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀."

"Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n á rí ẹlòmíì."

Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Àwa méjèèjì mọ̀ pé wọn ò ní rí ẹnì kankan. Mo jẹ ẹyin náà tán. Ojú ń tì mí, ojú ń tì mí gidi, mo sì kọ ọ́ síbí nítorí pé mi ò lè sọ ọ́ níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti ń sọ fún ara mi pé mi ò mọ̀ pé èlé á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó tẹ bọ́tìnì. Mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbójú fo igun yẹn.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Àbúrò mi wá fọwọ́ sí ìwé tí a fi ń béèrè pé kí wọ́n yọ èlé rẹ̀. Ó yẹ fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé wò níwájú lẹ́yìn.

"Òfin tuntun yìí ló gbé fọ́ọ̀mù yìí wá, àbí?"

Mo ní, "Ibí ni kó o fọwọ́ sí."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ṣí fáìlì rẹ̀. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkan lábẹ́ ìkan. Kò ṣeé pa rẹ́, èèyàn kàn lè fi kún un ni. Mo fi kún un pé nínú fáìlì yìí nìkan, àṣìṣe ni, mi ò ṣàlàyé fún olùyáwó. Mo fi ránṣẹ́ sí àjà kẹta, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn ìbéèrè wò. Ara mi fúyẹ́ títí mo fi dé ibùdókọ̀, lẹ́yìn náà mo rántí obìnrin oníbúrẹ́dì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Wọ́n pè mí sí àjà kẹta. Obìnrin àgbà kan ló ń yẹ àwọn ìbéèrè wò níbẹ̀, ó fi awò ojú kan sójú, ó gbé èkejì lé orí, ó sì ń wá ìkẹta lórí tábìlì.

"Ṣé àbúrò yín nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ ní ẹ ò ṣàlàyé fún un. Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó wà nínú fáìlì rẹ̀ náà ló wà nínú gbogbo fáìlì yín. Ṣé tòun nìkan ló jẹ́ irọ́ ni?"

Mo ń wo fáìlì náà. Ó dúró dè mí. Kò le mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló burú.

"Mi ò lè gba èyí. Ẹbí ni yín. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, màá ṣí gbogbo fáìlì yín pátá. Ti àbúrò yín á wà lára wọn. Ẹ mọ̀ pé ó lè ba iṣẹ́ yín jẹ́ o."

Mo ní màá padà wá. Mo gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ kí n má baà bá ẹnikẹ́ni pàdé.

Ajé, ọjọ́ keje

Mo ní kí kọ̀ǹpútà ka iye èèyàn tí mo ti fi sí ìsinmi. 2,316.

Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi láti ọdún mẹ́fà. Gbogbo nǹkan ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín, ìyẹn ò pa á.

"Gbogbo wa la ń tẹ̀ ẹ́. Àbí ìwọ nìkan lo ní ìka? Tó o bá kọ tìẹ, wọ́n á ní ká wá kọ tiwa. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, o ṣáà mọ̀."

Mo mọ̀. Ó fún mi ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ lọ́sàn-án, a ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ìyàwó mi ń ránṣọ, mo jókòó tì í. Láìgbójú sókè, ó ní, "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń sọ ọ́ lójú oorun, 'Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.' Ta ló yan kí ni?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ títí mo fi parí.

"Ṣé àbúrò yín mọ̀?"

"Rárá."

"Ẹ kọ ọ́. A ò ní kú." Ó ran ìlà kan tán, ó gé òwú. "Ṣùgbọ́n ó ku oṣù méjì kí n san owó ẹ̀rọ yìí tán o."

Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ló fi ṣe. Mi ò gbójúgbóyà béèrè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò kọ ọ́. Mo ra bírò tuntun.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò kọ ọ́. Àlùbọ́sà mẹ́ta, 900. Òjò látàárọ̀. Àwọn tó ń pè ò yé béèrè nípa òfin tuntun, Ọ̀gá Aago sì ti fún wa ní ohun tí a ó máa sọ: *ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ fáìlì yín wò.* Mo sọ ọ́ fún èèyàn mẹ́tàdínlógún.

Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Àbúrò mi pè mí lẹ́nu iṣẹ́, lórí fóònù tèmi.

"Wọ́n gbà mí níbi ẹrù. Mo ti gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé láàárọ̀ yìí. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni màá lọ." Ohùn rẹ̀ dúró dáadáa. Ó wá ní, "Ẹ má dààmú ara yín mọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbìyànjú."

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọdé. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. *Mo mọ̀ pé ẹ ti gbìyànjú.*

Mo kọ ọ́ nígbà tí mo délé, bí ìyàwó mi ṣe ń se ìrẹsì lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kọ. Nínú ti àkọ́kọ́, mo ní aago ló fà á. Mo pa á rẹ́. Ohun tó kù nìyí:

*Láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé ti wà. Èmi, òṣìṣẹ́ 0417, mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú àwọn tí mo fi sí ìsinmi pé ó wà. Gbólóhùn tó wà nínú àwọn fáìlì mi kì í ṣe òótọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́.*

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo gbé e lọ sí àjà kẹta. Obìnrin àgbà náà kà á, ó pààrọ̀ awò ojú, ó tún un kà. Ó ní kí n jókòó. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ omi.

Aago méjì kò tíì lù tí Ọ̀gá Aago fi dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó na ọwọ́, mo bọ́ ẹ̀rọ etí mi fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la ṣe fún yín?"

Kò bínú. Ńṣe ló dà bíi pé mo jí nǹkan nílé rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ máa dúró sílé láìgba owó títí wọ́n á fi pè mí. Wọ́n ti ń yọ àwọn fọ́tò mi nígbà tí mo ń jáde, ẹni tó ń yọ wọ́n sì kí mi dáadáa.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún àbúrò mi pé wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́, mo ní aáwọ̀ ọ́fíìsì ni. Irọ́ mìíràn. Ìyàwó mi wò mí, ó gbé àwo kúrò níwájú mi kí n tó jẹun tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Òní ni wọ́n ti ilẹ̀kùn náà. Ẹlẹ́rìn-ín pè mí. Àjà kẹta fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn èèyàn mi, àwọn tó dáhùn ò tó irínwó. Obìnrin oníbúrẹ́dì wà lára wọn, ìyẹn dùn mọ́ mi. Àwọn yòókù ti lè kó kúrò níbi tí wọ́n ń gbé, tàbí kí wọ́n rí àmì ọ́fíìsì wa lára àpòòwé náà kí wọ́n jù ú nù láìya á. Èmi náà ì bá jù ú nù.

"Wọ́n ti yọ bọ́tìnì kẹsàn-án o," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Ọpẹ́ o."

"Ọpẹ́ kẹ̀? Wọ́n ní ká máa fọwọ́ ara wa kọ gbólóhùn náà ni." Ó wá bú sẹ́rìn-ín, mo bá a rín in, inú wa ò dùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá

Àbúrò mi pariwo débi tí mo gbé fóònù jìnnà sétí. Àjà kẹta ti pè é. Wọ́n ti yọ gbogbo èlé ìgbà ìsinmi, gbèsè ti padà sí 400,000, 4,200 ni yóò sì máa san lóṣù. Wọn ò ní fọwọ́ kan owó oṣù rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ò tíì fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibì kankan, inú dúrọ́ọ̀ ló fi í sí. Àbúrò mi ti gbà á padà, ó sì ti fà á ya.

"Ẹ̀yin lẹ jà fún mi! Mo mọ̀ pé torí mi ni wọ́n ṣe dá yín dúró, ẹ kàn ń fi pamọ́ fún mi ni!"

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwà mi ni, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n yìn mí rí. Ó ti pe àwọn ẹbí wa kan, ó sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Mẹ́ta ti pè mí láti kí mi kú iṣẹ́, mo sì ń dáhùn pé ẹ ṣé.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó wá lónìí. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì kan fún mi, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ní kí n wọ̀ ọ́ lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ó tún mú lẹ́tà tí àjà kẹta fi tẹ̀lé ìpè wọn wá, ojú ewé mẹ́rin. Kò tíì ṣí i. Ó ní òun fẹ́ kà á níwájú wa kí ìyàwó mi náà lè gbọ́.

Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń kà á sókè bí olùkọ́. Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Ojú ewé kẹta ló dé tí ohùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. "*Fọ́ọ̀mù yìí ti wà fún gbogbo olùyáwó láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn ti jẹ́wọ́ pé òun kò sọ fún yín.*" Ó tún un kà láìlo ohùn. Ó wá gbójú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ó wà nígbà yẹn?"

Mo rí i lójú rẹ̀ pé tí mo bá ní mi ò mọ̀, yóò gbà mí gbọ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró.

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo nínú márààrún?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Nígbà àkọ́kọ́, èèyàn pọ̀ lórí ìlà, mo fẹ́ tètè parí. Nígbà kejì, tí mo bá sọ ọ́, wàá bi mí ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́."

Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní òun ní kíláàsì láàárọ̀ ọ̀la. Ó kí ìyàwó mi pé ó dàárọ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sì bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tọ́ ọ, kò sì jáde nílé mi rí láìkí mi.